Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà: ibi tí owó wà gan-an àti bẹ́ ẹ ṣe máa rí i gbà

Tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì kọkànlá ní Amẹ́ríkà níbí, ọ̀rọ̀ tó máa ń gba oorun lójú òbí ni pé báwo la ṣe fẹ́ san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tórí iye tí wọ́n ń kọ sójú wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹlòmíì á rí i, á kàn pa kọ̀ǹpútà dé ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa wá máa ń ṣe ni pé a ó sọ fún ọmọ pé "lọ wá sikọ́láṣíìpù", ọmọ náà á bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á máa kọ àròkọ síbí, á máa kọ sọ́hùn-ún, láwọn ibi tí àìmọye ọmọ ti ń du ẹyọ $1,000 kan ṣoṣo, ọdún á yí po kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀, gbogbo ilé á wá gbà pé kò sówó níta. Owó wà o. Ibi tó pọ̀ sí gan-an la kì í kọ́kọ́ lọ. Owó ìjọba àpapọ̀, owó ìjọba ìpínlẹ̀, àti owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀ ń fún ọmọ, àwọn mẹ́ta yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá mú, lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó máa wá sikọ́láṣíìpù ìta kún un. Bí mo ṣe máa to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Kí n tètè là á o: gránǹtì ni owó tí wọ́n ń fún ọmọ torí pé agbára ilé ò gbé e, sikọ́láṣíìpù ni èyí tí wọ́n ń fún un torí ìwé tó mọ̀ tàbí nǹkan tó ń ṣe, méjèèjì ẹ ò ní dá a padà. Work-study, iṣẹ́ ni, ọmọ á ṣe é nínú ọgbà ilé-ìwé, wọ́n á sì sanwó iṣẹ́ ẹ̀ fún un. Lóònù, gbèsè ni, bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sójú ìwé kan náà pẹ̀lú gránǹtì.

FAFSA ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ń ṣílẹ̀kùn owó ìjọba, FAFSA ló ń jẹ́, orí studentaid.gov lẹ máa ti kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má san sẹ́ǹtì kan fún ẹnikẹ́ni torí kó bá yín kọ ọ́, mo mọ ìyá kan tó san $200 fún ẹnì kan, onítọ̀hún sì fi ímeèlì ara ẹ̀ ṣí àkáǹtì fún wọn, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọn ò rọ́nà wọlé mọ́. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, torí wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Lọ́dún 2023 ó pẹ́ títí di òpin oṣù Kejìlá torí wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà ṣe látòkè délẹ̀, torí náà tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ yín ló kọ ọ́ kẹ́yìn ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ rántí, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣí àkáǹtì sílẹ̀, ọmọ á ní tiẹ̀, òbí á ní tiẹ̀, ímeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ páásíwọ́ọ̀dù síbi tẹ́ ẹ máa rí i torí ọdọọdún lẹ máa padà wá. Tí bàbá àti ìyá bá jọ san owó orí pa pọ̀, ẹnì kan nínú wọn ti tó láti kọ apá ti òbí. Tí wọ́n bá ti kọ ara wọn sílẹ̀ tí wọn ò sì jọ gbé, èyí tó náwó lórí ọmọ jù láàárín oṣù méjìlá tó kọjá ló máa kọ ọ́, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n á ti bi yín bóyá ẹ fọwọ́ sí i kí IRS, àjọ ìjọba tó ń gba owó orí, fi àkọsílẹ̀ owó orí yín ránṣẹ́ tààrà. Ẹ fọwọ́ sí i. Tí ọmọ tàbí òbí bá kọ̀, ọmọ ò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ kankan gbà, kódà kó jẹ́ pé ẹ ò san owó orí rárá lọ́dún yẹn. Owó tó wọlé fún yín lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò, bí àpẹẹrẹ ọdún 2024 ni wọ́n ń wò fún ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027. Tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín látìgbà yẹn, ẹ má yí nǹkan kan padà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sọ ọ́ wà níwájú, màá dé ibẹ̀.

Àṣìṣe kan tó ń jẹ owó lára àwọn èèyàn wa, tí mo rí léraléra, ni ibi tí wọ́n ti ń bèèrè dúkìá. Ilé tẹ́ ẹ fúnra yín ń gbé kì í ṣe ara nǹkan tí FAFSA ń kà, owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú 401(k) tàbí IRA náà kì í ṣe ara ẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tó kọ iye tí gbogbo ilé ẹ̀ tó síbẹ̀ torí pé olóòótọ́ èèyàn ni, kò fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún ìjọba, ni kọ̀ǹpútà bá kà á sí olówó. Kẹ́ ẹ ka ìbéèrè náà dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn, ohun tí wọ́n bèèrè nìkan lẹ kọ.

Ta ló lè gbà á? Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tó ní green card, tàbí tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá àsálà. Ìwé ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti òbí. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security náà lè ṣí àkáǹtì kó sì kọ apá tiẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí tí ìwé wọn ò tíì dúró dáadáa láti fi orúkọ àti àdírẹ́sì wọn síbẹ̀, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí náà kẹ́ ẹ lọ bá lọ́yà tàbí ẹni tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ DACA, ìyẹn ètò fáwọn tí wọ́n mú wọ Amẹ́ríkà ní kékeré láìní ìwé, kì í rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ọ̀nà tiwọn, bíi California tó ní fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní California Dream Act Application.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ tán, wọ́n á fún ọmọ ní nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ SAI. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ìrànwọ́ ṣe máa pọ̀ tó, ó tiẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo dé -1,500. Ó yàtọ̀ sí iye tẹ́ ẹ máa san o, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn agbára ilé lásán, kó má já yín láyà.

Owó ńlá tó ń jáde látinú FAFSA ni Pell Grant. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ sẹ́nétọ̀ Claiborne Pell ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbà tó yá. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, $7,395 ni iye tó pọ̀ jù tí ọmọ kan lè gbà, ọmọ sì lè máa gbà á títí di ìwọ̀n sẹ̀mẹ́sítà méjìlá. Òmíì wà tó ń jẹ́ FSEOG, láti $100 dé $4,000 lọ́dún, àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ní in, iye tí wọ́n bá sì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yẹn náà ni, tó bá tán ó tán nìyẹn. Ẹ wá kíyè sí èyí tó ń jẹ́ TEACH Grant dáadáa. Ọmọ tó bá gbà á ti ṣèlérí pé òun máa ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́jọ tó bá jáde, níbi tí wọ́n ti nílò tíṣà gan-an, tí kò bá mú ìlérí yẹn ṣẹ gbogbo ẹ̀ máa yí padà di lóònù, èlé á sì wà lórí ẹ̀ látọjọ́ tó ti gbà á. Ọmọ tí kò dá lójú pé iṣẹ́ tíṣà lòun fẹ́ ṣe, kó má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan á sọ pé owó tó ń wọlé fáwa ti pọ̀ jù, kí la fẹ́ fi FAFSA ṣe. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló jẹ́ pé wọn ò ní fún ọmọ ní owó tiwọn gan-an àfi tí FAFSA ẹ̀ bá wà ńlẹ̀.

Owó ìpínlẹ̀, gbèdéke ẹ̀ kì í dúró de èèyàn

Ibi tó dùn mí jù nìyí, torí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti gbọ́ pé ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni FAFSA máa ń parí, òótọ́ sì ni, gbèdéke ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, títí di ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn pàápàá. A wá fara balẹ̀. Ìgbà tá a máa fi kọ ọ́, owó ìpínlẹ̀ ti tán, wọ́n ti pín in fún àwọn tó tètè dé, a sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i dáadáa, wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún wa nínú lẹ́tà pé a ò bá ti rí i gbà. Ọdún kan gbáko la fi san owó yẹn lápò ara wa. Ẹ má wo gbèdéke ìjọba àpapọ̀ rárá, ti ìpínlẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ sára ògiri.

Ní California, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni gbèdéke Cal Grant fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti rí GPA ọmọ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀, gbà pẹ̀lú. Ní Illinois, MAP Grant máa ń lọ títí owó bá tán ni. New York ní TAP, fọ́ọ̀mù tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn FAFSA, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró síbi FAFSA tí wọn ò kọ ìkejì. Georgia ní HOPE tó wà látọdún 1993, GPA 3.0 ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní nígbà tó bá ń jáde ní high school, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wálẹ̀ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tennessee Promise ń san owó ilé-ìwé ní community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ṣùgbọ́n ó ní ìpàdé tí ọmọ gbọ́dọ̀ lọ àti iṣẹ́ ìlú tó gbọ́dọ̀ ṣe, ọmọ tó bá fo ọ̀kan ti já kúrò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ wá orúkọ àjọ tó ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ yín, kẹ́ ẹ ka gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀ ló lówó jù

Iye tẹ́ ẹ rí lójú wẹ́ẹ̀bù kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe iye tí gbogbo èèyàn ń san. Látọdún 2011 ni òfin ti mú un ní dandan fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìjọba láti fi net price calculator sójú wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ máa tẹ owó tó ń wọlé fún yín àti iye èèyàn tó wà nílé síbẹ̀, á sì sọ iye tí ẹni tó dà bíi yín ń san. Ẹ ṣe é fún bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́wàá. Ó máa yà yín lẹ́nu pé ibi tí wọ́n kọ $85,000 sí lè wọ́n yín kéré ju ibi tí wọ́n kọ $30,000 sí lọ, torí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ńláńlá ní owó nípamọ́. Harvard, bí àpẹẹrẹ, kéde pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tó bá ń pa $100,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, tí dúkìá wọn ò sì pọ̀ jù, kò ní san nǹkan kan, àtilé àtoúnjẹ àtowó ilé-ìwé, àwọn tó ń pa tó $200,000 ò sì ní san owó ilé-ìwé. Berea College ní Kentucky kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ kankan láti 1892, gbogbo ọmọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Mi ò sọ pé ó rọrùn láti wọ àwọn ibi wọ̀nyí o, mo ń sọ pé kẹ́ ẹ má fi iye tó wà lójú wẹ́ẹ̀bù yọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan kúrò kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, àwọn aládàáni ló pọ̀ jù nínú wọn, ń bèèrè fọ́ọ̀mù kejì tí wọ́n ń pè ní CSS Profile, College Board, àjọ tó ń ṣe ìdánwò SAT, ló ni ín. Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, $25 ni fún ti àkọ́kọ́, $16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi kún un, àmọ́ ìdílé tó bá ń pa tó $100,000 sísàlẹ̀ kò ní san án. Ó jinlẹ̀ ju FAFSA lọ, ó lè bèèrè nípa ilé tẹ́ ẹ ń gbé, ó sì ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣàlàyé ara yín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ nǹkan tí FAFSA ò bèèrè sí: owó oògùn tẹ́ ẹ ń san, owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù fún ìyá tó ti dàgbà. Ọwọ́ wọn ló wà bóyá wọ́n máa kà á, àmọ́ ohun tẹ́ ò bá sọ wọn ò lè mọ̀ ọ́n.

Sikọ́láṣíìpù ìwé mímọ̀ náà wà lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn kan ń fún ọmọ láìbèèrè torí GPA àti èsì SAT ẹ̀, àwọn kan ní fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ tí gbèdéke ẹ̀ ṣáájú ti ìgbàwọlé. Ọmọ tó bá dá múṣémúṣé, ẹ jẹ́ kó wo àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èsì tiẹ̀ ti ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ńbẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń náwó láti fà á mọ́ra. Ẹ sì ṣọ́ra fún Early Decision, ìyẹn kí ọmọ tètè kọ fọ́ọ̀mù sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, torí ọmọ tó bá wọlé lọ́nà yẹn ti ṣèlérí pé òun máa lọ, ẹ ò ní láǹfààní láti fi owó tí ibẹ̀ fún un wé ti ibòmíì.

Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí ilé ẹ̀ ò rí já jẹ, QuestBridge ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ọmọ kíláàsì kejìlá á kọ fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ wọn, òpin oṣù Kẹsàn-án ló máa ń parí, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá mú un, gbogbo ọdún mẹ́rin ti di sísan. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ó ti di oṣù Kọkànlá, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo ẹ̀.

Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lọmọ máa fi wọlé látòkè òkun, FAFSA ò sí fún un, owó kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ló kù, kò sì pọ̀ ibi tí wọn kì í ti í wo àpò àlejò kí wọ́n tó gbà á wọlé, tí wọ́n sì máa gbé gbogbo ohun tí agbára ẹ̀ ò ká. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin wà lára wọn.

Sikọ́láṣíìpù ìta: ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ilé

Ibi tí ọmọ ogún péré ti máa kọ fọ́ọ̀mù dáa ju ibi tí ọmọ ọ̀kẹ́ márùn-ún ti ń kọ ọ́ lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé, wọ́n máa ń ní ìwé kan tí gbogbo sikọ́láṣíìpù àdúgbò wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ọsibítù máa ń ní fún ọmọ òṣìṣẹ́. Ẹ bèèrè ní yúníọ̀n, ní credit union tẹ́ ẹ ń fowó pa mọ́ sí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, ní community foundation tó wà ní káúntì yín. Mélòó ni $500? Mẹ́fà nínú ẹ̀ ti di $3,000.

Lẹ́yìn náà ẹ wá àwọn ńlá. Gates Scholarship ń mú àwọn ọmọ kan lọ́dọọdún, ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell tí GPA ẹ̀ tó 3.3. Coca-Cola Scholars ń mú 150, $20,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Jack Kent Cooke lè san dé $55,000 lọ́dún. UNCF tó wà látọdún 1944 ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sikọ́láṣíìpù fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, gbèdéke wọn ò sì papọ̀, ẹ máa padà síbẹ̀ lóṣooṣù. National Merit, ìdánwò PSAT tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹwàá ní kíláàsì kọkànlá ni wọ́n fi ń wọlé sí i, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò bá jókòó fún un lọ́dún yẹn ti pàdánù ẹ̀. Láti wá òmíì, CareerOneStop tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, BigFuture ti College Board náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ọmọ ṣí ímeèlì ọ̀tọ̀ fún gbogbo èyí, kó sì ní ìwé kan tó kọ orúkọ, gbèdéke, ohun tí wọ́n ní kó mú wá àti ọjọ́ tó fi ránṣẹ́ sí.

Àròkọ wá ńkọ́? Àwọn ọmọ wa, a ti kọ́ wọn láti má yin ara wọn, ó dáa nílé, ṣùgbọ́n nínú àròkọ sikọ́láṣíìpù wọ́n á kàn máa kọ nípa bí bàbá àti ìyá àwọn ṣe jìyà wá sí Amẹ́ríkà, àwọn fúnra wọn ò ní sí nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé náà ti ka ìtàn àpótí kan àti ogún dọ́là lápò yẹn tí ò lóǹkà. Kí ọmọ mú nǹkan kékeré kan tó ṣe fúnra ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀, òun ló máa ń tẹ̀lé ìyá ìyá ẹ̀ lọ rí dókítà láti bá wọn túmọ̀, ọjọ́ kan ó wá rí i pé òun ò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tóun máa pe àìsàn tí dókítà dárúkọ, bó ṣe jókòó síbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ya kíndìnrín sórí bébà fún màmá ló kọ, ohun tó sì fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ó pariwo. Àròkọ kan yẹn ló fi gba mẹ́ta, ó kàn ń yí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ padà kó bá ìbéèrè mu ni. Ẹ má bá ọmọ kọ ọ́ o, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a kọ ọ́, ohùn ọmọ ni wọ́n ń wá.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí náà, oṣù kan ṣáájú ni kí ọmọ ti lọ bá tíṣà, kó fún wọn ní ìwé tí gbogbo nǹkan tó ti ṣe wà nínú ẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́, kó sì padà lọ dúpẹ́. Tíṣà tó mọ ọmọ dáadáa tó fún un ní B sàn ju tíṣà tó fún un ní A tí kò mọ ojú ẹ̀ lọ.

Àwọn jìbìtì wà níta o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gba sikọ́láṣíìpù, ẹni tó bá ní dandan lẹ máa rí i gbà àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á dá owó yín padà, ẹni tó bá ní ọmọ ti jẹ ẹ́ níbi tí kò ti kọ fọ́ọ̀mù, tàbí tó bá ní kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà káàdì báńkì wá kóun fi di ipò mú, olè ni gbogbo wọn. Ẹ kọ ẹjọ́ wọn sí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Nígbà tí lẹ́tà bá dé

Lẹ́tà owó ìrànwọ́ ni ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, GAO tó máa ń yẹ ìṣe ìjọba àpapọ̀ wò gbé ìròyìn jáde pé nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kì í sọ iye tí ọmọ máa san gan-an tàbí tí wọ́n ń sọ ọ́ kéré jù. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n á ní gbogbo nǹkan jẹ́ $38,000 lọ́dún, a ti fún yín ní $22,000, ẹ ó máa jó. Ẹ wá wo inú ẹ̀: gránǹtì àti sikọ́láṣíìpù $14,000, lóònù $5,500, work-study $2,500. Lóònù, gbèsè yín ni. Work-study, owó tí ọmọ ò tíì ṣiṣẹ́ gbà ni. Nǹkan tó kù tẹ́ ẹ máa wá kì í ṣe $16,000 bí wọ́n ṣe jẹ́ kó dà bíi pé ó jẹ́, $24,000 ni. Irú ìṣirò yìí ni kẹ́ ẹ ṣe fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó gba ọmọ, kẹ́ ẹ to èsì wọn síra, kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan. Ẹ tún bèèrè: ṣé ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni sikọ́láṣíìpù yìí tàbí ọdún kan? GPA mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ máa ní kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Tó bá kéré, ẹ bèèrè sí i. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá, ó dà bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ tó ń wo ìkòkò. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Òfin fún ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ láṣẹ láti yí nọ́ńbà inú FAFSA padà tí nǹkan bá ti yí padà nílé: iṣẹ́ bọ́, ẹnì kan kú, ìgbéyàwó tú, owó ọsibítù pọ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè fún professional judgment, ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan, ẹ fi ìwé ẹ̀rí sí i, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi dá yín dúró, ìwé owó tẹ́ ẹ san. Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn tó jọ wọ́n bá fún ọmọ lówó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi lẹ́tà ìyẹn náà hàn wọ́n, kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ wa kejì, ìdáhùn tá a rí gbà fi $4,000 kún tiẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló mú un wá. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gbọ́ ìpinnu yín, torí náà ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fún èèyàn: ọmọ tó bá mú sikọ́láṣíìpù ìta wọlé gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì lè yọ iye yẹn kúrò nínú gránǹtì tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dun ọmọ, torí òógùn ojú ẹ̀ ni. Maryland ló kọ́kọ́ ṣòfin tó de àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba lọ́wọ́ lórí èyí lọ́dún 2017, àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ti tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ tó gbà láti lọ, ẹ bi wọ́n pé tí owó ìta bá dé, kí lẹ máa kọ́kọ́ yọ? Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ lóònù àti work-study ni kẹ́ ẹ máa tọrọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sínú ímeèlì.

Tọ́mọ bá ti wọlé, FAFSA ò parí o, ọdọọdún ni, oṣù Kẹwàá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa ṣe dáadáa, ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì GPA ò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ju 2.0 lọ, kọ́ọ̀sì tó já sílẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, torí tó bá fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lágbede méjì wọ́n lè ní kó dá apá kan owó ìjọba padà. Ti owó orí náà, apá sikọ́láṣíìpù tó san owó ilé-ìwé àti ìwé tí kọ́ọ̀sì béèrè fún kì í ní owó orí, àmọ́ èyí tó bá lọ sórí yàrá àti oúnjẹ, IRS ń kà á sí owó tó wọlé fún ọmọ. Kẹ́ ẹ kó gbogbo rìsíìtì ìwé àti owó ilé-ìwé sínú fáìlì kan láti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè rí i mú jáde nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe owó orí.